Òṣùpá, Ojú Wa àti Omi Òkun

  



Bí àwẹ̀ Ràmàdáánì bá ti pé ọjọ́ 29, gbogbo wa la mọ bí ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ti máa ń rí. Bí a bá ti ṣínu tán, tí a kírun Magrib, ìta mọ́sálásí á kún. Àwọn kan á máa nàka sí sánmà, àwọn kan á gbé rédíò sétí. Ẹnì kan á ní oṣù ti lé ní ìlú kan, ẹlòmíràn á ní irọ́ ni. Kí ilẹ̀ tó mọ́, àríyànjiyàn á ti wọ inú ilé kan náà: bàbá ń gbààwẹ̀, ọmọ ń jẹun ọdún.

Ṣùgbọ́n bí a bá bi àwa tí a ń jiyàn yìí pé, "Ọ̀nà wo ni òṣùpá ń gbà tí ó fi ń pamọ́, tí ó sì tún ń yọ?" díẹ̀ nínú wa ni yóò lè dáhùn. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀pọ̀ wa tí a ń lọ gbafẹ́ létíkun lọ́jọ́ ọdún kò mọ̀ pé òṣùpá kan náà tí a ń wá lójú sánmà ló ń gbé omi òkun sókè. Ohun tí ẹ̀kọ́ oṣù yìí fẹ́ sọ nìyẹn: ibi tí òṣùpá bá wà ló ń pinnu ohun tí ojú wa yóò rí, òun náà ló sì ń pinnu bí omi òkun yóò ṣe ga tó. Ẹni tí ó bá mọ ọ̀kan dáadáa, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ mọ èkejì. Ìmọ̀ yìí kì í ṣe ti ìdánwò ilé-ìwé nìkan. Ẹ̀rí ẹnu wa wà nínú rẹ̀, ẹ̀mí wa náà sì wà nínú rẹ̀.

Ọjọ́ mẹ́ta nínú oṣù August ọdún 2012

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti orí ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní orílẹ̀-èdè wa. Ní ọdún 2012, ọjọ́ Jímọ̀, 20 July, ni a bẹ̀rẹ̀ àwẹ̀ Ràmàdáánì ní Nàìjíríà. Nígbà tí ó di ọjọ́ Jímọ̀, 17 August, àwẹ̀ pé 29. Ó ku ìṣẹ́jú díẹ̀ kí agogo márùn-ún ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà lù nígbà tí òṣùpá dé àárín ayé àti oòrùn. Nǹkan bí wákàtí méjì péré lẹ́yìn náà, oòrùn wọ̀. Kò sí ojú ènìyàn tí ó lè rí oṣù ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn. Àwẹ̀ pé 30 ní ọjọ́ Sátidé, 18 August, a sì ṣe ọdún ìtúnu àwẹ̀ ní ọjọ́ Àìkú, 19 August.

Ní ọjọ́ Sátidé tí ó wà láàárín yẹn, omi òkun ru wọ etíkun Kuramo ní Victoria Island, ní Èkó. Ó wó ibùgbé àwọn tí ń gbé létí omi, ó sì gbé àwọn ènìyàn lọ. Ẹ̀mí ṣòfò. Àwọn tí ó yẹ kí wọ́n máa múra ọdún wá di ẹni tí ń wá òkú ènìyàn wọn létí omi.

Ẹ kíyè sí i: ìrọ̀lẹ́ tí òṣùpá kò ṣeé rí àti ọjọ́ tí òkun ru tẹ̀lé ara wọn. A kò sọ pé òṣùpá nìkan ló fa jàǹbá náà. Ìgbì ńláńlá tí atẹ́gùn ojú òkun máa ń dá sílẹ̀ ní àkókò òjò wà níbẹ̀. Yanrìn etíkun Èkó tí omi ti ń jẹ láti ọdún pípẹ́ náà wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ìgbà tí òṣùpá ń mú kí omi ga ju ti ọjọ́ mìíràn lọ ni àwọn ìgbì wọ̀nyí dé. Kí a tó padà sórí ọ̀rọ̀ yìí, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ ìrìn òṣùpá.

Òṣùpá kò ní iná tirẹ̀

Òṣùpá kò ní ìmọ́lẹ̀ ti ara rẹ̀. Òkúta àti erùpẹ̀ ni. Oòrùn ló ń tàn sí i lára tí a fi ń rí i, bí ògiri funfun ṣe máa ń mọ́lẹ̀ tí iná mọ́tò bá kàn án lóru. Ó jìnnà sí wa tó nǹkan bíi kìlómítà 384,400. Oòrùn ní tirẹ̀ jìnnà tó nǹkan bíi mílíọ̀nù 150 kìlómítà. Ìdajì òṣùpá tí ó kọjú sí oòrùn ló ń mọ́lẹ̀, ìdajì kejì á sì ṣókùnkùn. Ohun tí ó ń yí padà láti ọjọ́ dé ọjọ́ ni ìwọ̀n tí àwa ará ayé ń rí nínú ìdajì tí ó mọ́lẹ̀ yẹn. Àwọn kan rò pé òjìji ayé ló ń gé òṣùpá kù lóṣooṣù. Kò rí bẹ́ẹ̀.

Ẹ dán an wò ní ìpàdé ẹgbẹ́ yín. Ẹ pa gbogbo iná yàrá, kí ẹ wá gbé gílóòbù kan tàbí àtùpà kan sí ibi tí ó ga tó orí ènìyàn. Kí ẹnì kan mú ọsàn kan dání, kí ó na apá rẹ̀ gùn, kí ọsàn náà ga díẹ̀ ju orí rẹ̀ lọ. Iná yẹn ni oòrùn, ọsàn ni òṣùpá, orí ẹni náà ni ayé.

Bí ó bá kọjú sí iná, ẹ̀yìn ọsàn ni ìmọ́lẹ̀ ń bà, ibi tí ó ṣókùnkùn ni yóò kọjú sí i. Bí ó bá ń yí díẹ̀díẹ̀ sí ọwọ́ òsì, yóò rí ìmọ́lẹ̀ tín-ín-rín tí ó yọ ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún ọsàn náà. Oṣù lé nìyẹn. Bí ó bá yí dé ibi tí iná wà ní ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ gan-an, ìdajì ni yóò rí. Bí ó bá kẹ́yìn sí iná, gbogbo ojú ọsàn á mọ́lẹ̀ kedere. Òṣùpá àrànmọ́jú nìyẹn. Bí ó bá tún ń yí lọ, ìmọ́lẹ̀ á máa dín kù títí yóò fi tún kọjú sí iná. Ọsàn kò kéré sí i, kò tóbi sí i. Ibi tí ó wà ló ń yí padà.

Láti ìgbà tí òṣùpá bá wà láàárín àwa àti oòrùn títí yóò fi tún padà dé ibẹ̀, ọjọ́ 29, wákàtí 12 àti ìṣẹ́jú 44 ló ń gbà bí a bá pín in dọ́gba. Ìdí nìyẹn tí oṣù wa fi ń jẹ́ ọjọ́ 29 nígbà kan, tí ó ń jẹ́ 30 nígbà mìíràn, tí kì í jẹ́ 28 tàbí 31. Oṣù 12 irú rẹ̀ jẹ́ ọjọ́ 354 tàbí 355, ó sì fi nǹkan bí ọjọ́ 11 dín sí ọdún tí a ń fi oòrùn kà. Òun ló mú kí àwẹ̀ máa kúrò nínú ẹ̀ẹ̀rùn bọ́ sínú òjò, tí yóò sì yí gbogbo ọdún po ní nǹkan bí ọdún 33.

Allah jẹ́ kí á mọ̀ nínú Súrà Yūnus, ààyá 5, pé Òun ló ṣètò ibùsọ̀ fún òṣùpá kí a lè mọ oǹkà ọdún àti ìṣirò. Nínú Súrà Yāsīn, ààyá 39, Ó fi òṣùpá ìparí oṣù wé ẹ̀ka igi dàbínù tí ó ti gbẹ, tí ó sì ti tẹ̀. Ẹni tí ó bá ti rí òṣùpá ọjọ́ 28 rí ní àsìkò sáárì yóò mọ bí àfiwé yẹn ṣe bá a mu tó.

Ibi tí a ti ń rí i, àti àsìkò tí a ń rí i

Lójoojúmọ́ ni òṣùpá ń fi nǹkan bíi dìgírì 12 jìnnà sí oòrùn, sí apá ìlà oòrùn. Bí ẹ bá na apá yín gùn, tí ẹ di ìkúùkù, ìkúùkù yẹn bo nǹkan bíi dìgírì 10 lójú sánmà. Nítorí náà, ìrìn òṣùpá lóòjọ́ fi díẹ̀ ju ìkúùkù kan lọ. Ìrìn yìí ló ń mú kí ó máa fi nǹkan bí ìṣẹ́jú 50 pẹ́ yọ ju ti àná lọ. Ẹ fi ìṣẹ́jú 50 yìí sọ́kàn. A ó tún pàdé rẹ̀ létí òkun.

Ní ọjọ́ kìíní oṣù, ìwọ̀ oòrùn ni òṣùpá ń wà. Ó tín-ín-rín, kì í sì í pẹ́ tẹ̀lé oòrùn wọ̀. Ní nǹkan bí ọjọ́ 7, àárín ọ̀run ló ń wà bí oòrùn bá ń wọ̀. Ìdajì rẹ̀ ló ń mọ́lẹ̀, yóò sì wọ̀ ní nǹkan bí ọ̀gànjọ́ òru. Ní ọjọ́ 14 tàbí 15, bí oòrùn bá ti ń wọ̀ níhìn-ín, òun á máa yọ lọ́hùn-ún, yóò sì tàn mọ́jú. Ní nǹkan bí ọjọ́ 22, ọ̀gànjọ́ òru ló ń yọ. Ẹni tí ó bá dìde kírun òru yóò rí i. Ní ọjọ́ 27 tàbí 28, ó ti tún di tín-ín-rín, apá ìlà oòrùn ló sì ń wà kí ilẹ̀ tó mọ́.

Ní ilẹ̀ wa tí kò jìnnà sí àárín gbùngbùn ayé, oṣù tuntun kì í dúró gbọọrọ bí èyí tí a ń rí nínú àwòrán orí mọ́sálásí. Ó máa ń dùbúlẹ̀ bí igbá tàbí bí ọkọ̀ ojú omi, ìwo rẹ̀ méjèèjì á kọjú sókè. Àwọn àgbà sọ pé oṣù lé, wọ́n ní kò gún, kí ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ bá tó o lọ tún un ṣe. Kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni fẹ́ tún ṣe. Ibi tí a dúró sí lórí ilẹ̀ ayé ló jẹ́ kí a máa rí i bẹ́ẹ̀.

Ẹni tí ó fẹ́ jẹ́rìí oṣù

Nínú Súrà Bákárà, ààyá 189, Ọlọ́hun fi yé wa pé oṣù tuntun jẹ́ òdiwọ̀n àsìkò fún ènìyàn àti fún Hajj. Nítorí náà, ẹni tí ó bá lanu pé òun rí oṣù ti gbé àwẹ̀ àti ọdún àìmọye ènìyàn sórí ara rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ẹ̀rí tí kò tọ̀nà kì í ṣe irọ́ tí ẹnì kan jókòó pa. Ojú tí ó ń wá nǹkan tọkàntọkàn lè rí ohun tí kò sí níbẹ̀. Ẹ jẹ́ kí á mọ àwọn nǹkan wọ̀nyí kí a tó sọ̀rọ̀:

Èkínní, apá ìwọ̀ oòrùn ni oṣù tuntun ń wà, lẹ́yìn tí oòrùn bá ti wọ̀, kò sì ní jìnnà sí ibi tí oòrùn gbà wọ̀.

Èkejì, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ tí ó mọ́lẹ̀ gbọ́dọ̀ kọjú sí ibi tí oòrùn wọ̀ sí. Bí ẹnì kan bá ní ìwo oṣù tí òun rí kọjú sísàlẹ̀ sí ọ̀nà oòrùn, kì í ṣe òṣùpá ló rí.

Ẹ̀kẹta, bí a bá rí òṣùpá tín-ín-rín ní ìlà oòrùn láàárọ̀ kùtùkùtù, oṣù tuntun kò lè lé ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Òṣùpá kò tíì dé ọ̀dọ̀ oòrùn láàárọ̀, kò sì lè kọjá rẹ̀ jìnnà tó kí ilẹ̀ tó ṣú.

Ẹ̀kẹrin, òṣùpá gbọ́dọ̀ jìnnà díẹ̀ sí oòrùn kí ojú tó lè rí i. André Danjon, onímọ̀ ìràwọ̀ ọmọ ilẹ̀ Faransé, ṣe ìwádìí ní àwọn ọdún 1930 pé bí àlàfo àárín wọn kò bá tíì tó dìgírì 7, kò sí oṣù tí ojú lè rí rárá. Àlàfo ìrìn òṣùpá nínú wákàtí kan kò ju nǹkan bí ìlàjì dìgírì lọ. Ìdí nìyẹn tí ó fi ṣòro gidigidi kí ojú lásán rí oṣù tí kò tíì pé wákàtí 15, tí ọ̀pọ̀ ìgbà sì ń béèrè ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ní 17 August 2012 tí a sọ lẹ́ẹ̀kan, wákàtí méjì ni oṣù náà. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, ó ti tó wákàtí 26.

Ẹ̀karùn-ún, ẹ ṣọ́ra fún Àgùàlà, ìràwọ̀ ńlá tí àwọn ènìyàn máa ń sọ pé ó ń bá òṣùpá rìn. Ẹ ṣọ́ra fún iná bàálù àti fún ìkùukùu tín-ín-rín tí oòrùn ṣẹ̀ṣẹ̀ tàn sí. Ẹ má dá wo ó. Kí ẹni méjì tàbí mẹ́ta jọ wò ó fún ìṣẹ́jú mélòó kan kí ẹ tó gbé ìròyìn lọ.

Àwọn onímọ̀ ẹ̀sìn ní èrò ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ lórí bí ìṣirò ṣe lè wọ inú ọ̀rọ̀ oṣù. Àwọn kan ní rírí nìkan ni. Àwọn kan ní bí ìṣirò bá fi hàn pé oṣù kò lè ṣeé rí, kí a má gba ẹ̀rí ẹni tí ó ní òun rí i. Kì í ṣe àwa tí a wà nínú ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ ni yóò dá ẹjọ́ náà. Ní Nàìjíríà, Sultan Sókótó ló ń kéde fún gbogbo Mùsùlùmí lẹ́yìn tí ìròyìn bá ti dé ọwọ́ rẹ̀. Iṣẹ́ tiwa ni pé kí ìròyìn tí ó bá ti ọ̀dọ̀ wa lọ jẹ́ èyí tí ó mọ́.

Òṣùpá àti omi òkun

Àwọn apẹja Badagry, ti Èkó àti ti Ìlàjẹ kò ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀ pé omi òkun kì í dúró sójú kan. Omi á kún, á fà, á tún kún, á tún fà. Láti ìkún kan sí èkejì jẹ́ nǹkan bí wákàtí 12 àti ìṣẹ́jú 25. Ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po méjì: wákàtí 24 àti ìṣẹ́jú 50. Ìṣẹ́jú 50 tí a ní kí ẹ fi sọ́kàn ló tún dé yìí. Bí òṣùpá ṣe ń pẹ́ yọ lójoojúmọ́, bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni omi òkun ń pẹ́ kún.

Gbogbo ohun tí Ọlọ́hun dá ló ń fa ara wọn mọ́ra. Agbára òòfà yìí ló ń mú kí ọsàn bọ́ sílẹ̀ láti orí igi. Ní ọdún 1687, Isaac Newton, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tẹ ìwé kan jáde tí ó fi ìṣirò ṣàlàyé pé agbára kan náà ló ń fa omi òkun. Ó ti pẹ́ ṣáájú rẹ̀ tí Abu Ma'shar, ọmọ ìlú Balkh, tí ó kú ní ọdún 886, ti kọ ọ́ sílẹ̀ ní èdè Lárúbáwá pé ìkún àti ìfà òkun ń tẹ̀lé òṣùpá. Wọ́n túmọ̀ ìwé rẹ̀ sí èdè Látìn ní ọ̀rúndún 12, ọ̀pọ̀ ará Yúróòpù sì kọ́ ẹ̀kọ́ òkun lára rẹ̀. Wíwo ìràwọ̀ láti fi sọ ọjọ́ ọ̀la ènìyàn, tí òun náà ń ṣe, kò bá ẹ̀sìn wa mu. Ṣùgbọ́n ohun tí ó sọ pé òkun ń tẹ̀lé òṣùpá, òtítọ́ ni.

Ó rọrùn láti gbà pé omi yóò ga ní apá tí ó kọjú sí òṣùpá. Kí ló wá dé tí ó tún ń ga ní òdìkejì ayé ní àsìkò kan náà? Ẹ fojú inú wo ọ̀dọ́ mẹ́ta tí wọ́n tò sẹ́yìn ara wọn, tí ẹnì kan dúró níwájú tí ó ń fi okùn mẹ́ta fà wọ́n. Ó fa ẹni iwájú gidigidi, ó fa ẹni àárín níwọ̀nba, ó rọra fa ẹni ẹ̀yìn. Ẹni iwájú á jìnnà sí ẹni àárín, ẹni ẹ̀yìn náà á kù sẹ́yìn. Omi tí ó kọjú sí òṣùpá ni ẹni iwájú, ayé fúnra rẹ̀ ni ẹni àárín, omi òdìkejì ni ẹni ẹ̀yìn, nítorí pé òòfà ń dín kù bí ọ̀nà bá ṣe jìn sí. Omi á ga níwájú, á ga lẹ́yìn. Bí ayé ṣe ń yí po, etíkun wa á gba abẹ́ méjèèjì kọjá. Ìdí nìyẹn tí omi fi ń kún lẹ́ẹ̀mejì.

Ìrísí etíkun náà ní ipa tirẹ̀. Ní Bay of Fundy ní orílẹ̀-èdè Kánádà, ìyàtọ̀ láàárín ìkún àti ìfà lè tó mítà 16. Ní Èkó, kò ju nǹkan bíi mítà kan lọ. Ẹ má fojú kéré mítà kan yẹn. Níbi tí ilẹ̀ bá ti tẹ́ pẹrẹsẹ, mítà kan tó láti mú kí ìgbì dé ibi tí kò dé lánàá.

Kàlẹ́ńdà Hijra, kàlẹ́ńdà òkun ni

Oòrùn náà ń fa omi. Ó tóbi ju òṣùpá lọ fíìfíì, ṣùgbọ́n nítorí pé ó jìnnà, ipa rẹ̀ lórí òkun kò tó ìdajì ti òṣùpá. Nígbà tí oṣù bá lé, àti nígbà tí òṣùpá bá di àrànmọ́jú, oòrùn, ayé àti òṣùpá á tò sórí ìlà kan. Agbára méjèèjì á para pọ̀. Omi á kún ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, á sì fà ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Nígbà tí òṣùpá bá jẹ́ ìdajì, ní nǹkan bí ọjọ́ 7 àti ọjọ́ 22, oòrùn ń fa omi síbí, òṣùpá ń fà á sọ́hùn-ún. Omi kì í kún púpọ̀ nígbà náà. Ìkún tí ó ga jù sábà máa ń dé ní ọjọ́ kan tàbí méjì lẹ́yìn oṣù tuntun tàbí òṣùpá àrànmọ́jú. Ọ̀nà òṣùpá kò sì rí róbótó tán: ó máa ń sún mọ́ wa tó nǹkan bíi kìlómítà 363,000, ó sì máa ń jìnnà tó 405,000. Bí ó bá sún mọ́ wa, òòfà rẹ̀ á tún le sí i.

Ẹ̀yin ará wa, ẹ wo ohun tí èyí túmọ̀ sí. Kàlẹ́ńdà tí a ń fi oòrùn kà kò lè sọ fún yín bóyá òkun yóò kún púpọ̀ lónìí. Kàlẹ́ńdà Hijra lè sọ ọ́. Bí ẹ bá ń gba àwẹ̀ ọjọ́ funfun, ìyẹn ọjọ́ 13, 14 àti 15 oṣù, ẹ mọ̀ pé àsìkò ìkún ńlá ti wọlé. Bí ẹ bá sì ń ṣe ọdún ìtúnu àwẹ̀, ọjọ́ kìíní Shawwal ni, oṣù ṣẹ̀ṣẹ̀ lé ni. Ọjọ́ mẹ́ta àkọ́kọ́ oṣù, tí àwọn ọ̀dọ́ Èkó, Badagry àti Cotonou ń kó ara wọn jọ lọ sí etíkun, inú àsìkò tí omi ń kún jù ni ó máa ń bọ́ sí lọ́dọọdún. Ọdún Iléyá kò rí bẹ́ẹ̀, nítorí pé ọjọ́ 10 oṣù ni.

Bí oòrùn bá ṣókùnkùn

Ìgbà mìíràn wà tí òṣùpá, ayé àti oòrùn ń tò gún régé tí òjìji ọ̀kan á fi bọ́ sórí èkejì. Bí òṣùpá bá bo oòrùn, ìparí oṣù ni, ìgbà tí òṣùpá wà láàárín wa àti oòrùn. Ní 29 March 2006, irú rẹ̀ gba etíkun Gánà, Tógò àti Benin kọjá, ó sì wọ Nàìjíríà. Ìparí oṣù Safar ọdún 1427 ni. Bí òṣùpá bá wọ òjìji ayé, àárín oṣù ni. Ní 7 September 2025, òṣùpá ti wọ òjìji ayé pátápátá nígbà tí ó ń yọ lójú ọ̀run wa, àárín oṣù Rabi' al-Awwal ọdún 1447 sì ni.

Ní ọjọ́ tí Ibrahim, ọmọ Ànábì wa, kú, oòrùn ṣókùnkùn ní Mẹdínà. Àwọn ènìyàn ní nítorí ikú ọmọ náà ni. Ọkàn bàbá tí ó ń ṣọ̀fọ̀ lè gba irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ mọ́ra. Ṣùgbọ́n Ànábì kọ̀ ọ́. Ó là wọ́n lọ́yẹ̀ pé àmì méjì nínú àwọn àmì Ọlọ́hun ni oòrùn àti òṣùpá, wọn kì í ṣókùnkùn nítorí ikú tàbí ìbí ẹnikẹ́ni, ó sì ní kí wọ́n kírun. Ẹni tí ó fẹ́ràn Ànábì kò ní gbé ìtàn asán kọ́ òṣùpá lọ́rùn, kò sì ní sọ pé òun rí ohun tí òun kò rí.

Ohun tí ó yẹ kí á ṣe

Ẹ jẹ́ kí á padà sí etíkun Kuramo. Ẹni tí ó mọ ohun tí a ti kọ́ yìí, tí ó sì wo kàlẹ́ńdà rẹ̀ ní òpin Ràmàdáánì ọdún yẹn, ìbá mọ̀ pé ọjọ́ tí ó yẹ kí ènìyàn jìnnà sí omi ló ń bọ̀. Nítorí náà, a fi àwọn ìmọ̀ràn wọ̀nyí síwájú yín.

Bí ẹgbẹ́ yín bá fẹ́ ṣe ìjáde lọ sí etíkun, ẹ wo ọjọ́ oṣù kí ẹ tó mú ọjọ́. Ọjọ́ 8 sí 11 sàn ju ọjọ́ 1 sí 4 lọ. Bí ó bá jẹ́ láàárín oṣù May sí September, ẹ túbọ̀ ṣọ́ra, nítorí pé ìgbì òkun wa máa ń le ní àkókò òjò. Kí ẹ tó tẹ́ ẹní yín, ẹ bi àwọn apẹja ibẹ̀ pé àsìkò wo ni omi yóò kún. Ẹ wo ibi tí yanrìn tutù dé, kí ẹ jókòó jìnnà sẹ́yìn ibẹ̀. Ẹ má sùn létí omi. Ẹ má jẹ́ kí ọmọdé dá ṣeré níbi tí ìgbì ń já sí. Bí omi bá sì ń wọ́ ẹnì kan lọ, kí ó má ṣe bá a jà lójúkojú. Kí ó lúwẹ̀ẹ́ lọ sí ẹ̀gbẹ́, ní títọ etíkun, títí yóò fi bọ́ nínú ibi tí omi ti ń fà, kí ó tó yí padà sí ilẹ̀. Bó ti wù kó mọ̀ ọ́n wẹ̀ tó, kí ó má dá wọ òkun.

Ní ti oṣù wíwò, kí ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan yan arákùnrin méjì àti arábìnrin méjì tí yóò máa wo òṣùpá láti ọjọ́ 27 oṣù kọ̀ọ̀kan, kì í ṣe ti Ràmàdáánì nìkan. Kí wọ́n máa kọ ọ́ sínú ìwé: ọjọ́, àsìkò, ibi tí wọ́n ti rí i, bí ìwo rẹ̀ ṣe rí. Láàárín ọdún kan, ẹ ó ní àwọn tí a lè gba ẹ̀rí wọn gbọ́.

Kí Ọlọ́hun kẹ́ àwọn tí omi gbé lọ, kí Ó tu àwọn ẹbí wọn nínú. Kí Ó jẹ́ kí ìmọ̀ wa wúlò, kí ẹ̀rí wa jẹ́ òdodo, kí Ó sì dá ẹ̀mí gbogbo wa sí. Āmīn.

Ìbéèrè fún ìjíròrò

1. Kí ló dé tí òṣùpá ọjọ́ 14 fi ń yọ nígbà tí oòrùn bá ń wọ̀?
2. Ẹnì kan rí òṣùpá tín-ín-rín ní ìlà oòrùn ní àsìkò sáárì ọjọ́ 29. Ṣé oṣù lè lé ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà? Ẹ ṣàlàyé.
3. Bí omi bá kún ní agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ òní, ní nǹkan bí agogo mélòó ni yóò kún ní ìrọ̀lẹ́ ọ̀la?
4. Èwo nínú ọdún wa méjèèjì ló máa ń bọ́ sí àsìkò ìkún ńlá, kí sì nìdí rẹ̀?